Ìtùfù Tí Mo So Sójú Ààlà

Ilé wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí,
Nígbà ọyẹ́.

Yétúndé, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí o ti kúrò nílé láì kí mi pé ó dìgbà, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni o kì í jáde nílé yìí láì kúnlẹ̀. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti dé Ìsẹ́yìn láyọ̀, pé o ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ pátápátá fún iṣẹ́ tuntun yìí, àti pé Komu ni ẹ ó gbé ìwé yín lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Bó ti dárúkọ Komu báyìí, mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, èmi tí ojú ń dùn, tí mo sì mọ̀ pé wàá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìkọ mi bí o ti máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Fa á. Ṣùgbọ́n kà á dé ìparí kí o tó gbéra lọ sí Komu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe sí ọ, kí o má bàa rò pé mo ti gbàgbé. O dúró níwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lábẹ́ igi máńgòrò, o ṣàlàyé fún wọn pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n kó bọ́ǹbù átọ́míìkì jọ, èyí tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè sọ odindi ìlú di eérú kí ẹni tó ń jẹun tó bu òkèlè kejì. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti jù ú lu ìlú méjì nínú ogun àtijọ́, wọn kò tún jù ú nínú ogun mọ́, nítorí oníkálukú ń sọ pé, "Bí o bá jù ú, èmi náà á jù ú." O ní àwọn èèyàn lásán káàkiri ayé, àgbẹ̀, ahunṣọ òfì, olùkọ́, ń tẹ̀ka sí ìwé pé kí wọ́n fi òfin de nǹkan náà, kí wọ́n sì tú u palẹ̀. Lẹ́yìn náà o gbé ìwé wá síwájú mi, o kúnlẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ka, káwọn yòókù lè rí yín tẹ̀ lé."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí mi. Mo ní, "Kó ìwé rẹ padà sí kíláàsì. Ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ káwọn alágbára jà. Ẹni tó bá ti níná lọ́wọ́, ta ló máa dán an wò?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tilẹ̀ béèrè pé kí ló kan ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nínú ìjà òyìnbó. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ka lẹ́yìn mi. O ká ìwé òfìfo náà, o sì bá tìrẹ lọ.

Àjíkẹ́, kì í ṣe pé mi ò gbà ọ́ gbọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Bí o ti ń sọ̀rọ̀ ni òógùn ń bò mí nínú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi dá ọ lóhùn yẹn, mo ti sọ ọ́ rí kí o tó dé ilé ayé, ó sì pa èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí.

O mọ̀ pé a ní oko àtijọ́ kan tó kángun sí igbó ìjọba, tí mi ò sì jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Làmídì ló bá mi pààlà níbẹ̀. A jọ kọ́ bí wọ́n ti ń kọ ebè ni. Ní tiwa níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni tó finá sí pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn méjì tó bá pààlà á jọ jáde lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á ro ojú ààlà fẹ̀ẹ̀, wọ́n á gbá koríko rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ á fi hàn pupa, kí iná tó bá débẹ̀ má rí nǹkan jẹ. Èmi á ti apá ọ̀dọ̀ mi bọ̀, Làmídì á ti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, a ó pàdé láàárín, a ó sì mu omi nínú akèrègbè kan náà. A kì í dá a ro. Àwọn àgbà oko wa máa ń sọ pé ẹni tó bá dá ààlà ro, òkú ló ń pè wá bá a ro apá kejì.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá ti ọmọ kó má ní ààlà, ká má tíì wá sọ ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Igi irúgbá kan hù sójú ààlà wa gan-an. Làmídì ní tòun ni, mo ní tèmi ni. A bú ara wa, a bú ìdílé ara wa. Níkẹyìn Làmídì sọ pé bí mo bá tún ká èso igi náà, òun yóò finá sí iṣu mi. Ó lè jẹ́ pé ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ so ìtùfù. Mo di koríko gbígbẹ bí ẹní di ti òrùlé ilé, mo fi kẹrosíìnì rin ín, mo so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka kan tó kọjú sí oko rẹ̀, kó lè máa rí i bó bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Làmídì so méjì. Mo so mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wá nígbà náà, orí wa kò pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyí: láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ro ààlà mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ́ wá, ojo ni. Koríko hù sójú ààlà, ó ga ju orí èèyàn lọ, ó sì gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Mo wá ń fọ́nnu káàkiri pé ìtùfù mi ló jẹ́ kí ilẹ̀ tòrò. Ilẹ̀ tòrò lóòótọ́. Àparò kò ké níbẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án gangan, tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, àwọn ìtùfù yẹn máa ń yí lórí okùn wọn, tèmi àti tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò kọjú sí. Mo rí i lójú ara mi. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Ìyá mi, ìyẹn ìyá rẹ àgbà, rí i pẹ̀lú. Ó dúró wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àlàbí, nǹkan tẹ́ ẹ so kọ́ yìí, ọjọ́ wo lẹ máa tú u?"

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ má dààmú ara yín. A ò ní í lò ó."

Ó ní, "Wọ́n tún ń rin kẹrosíìnì sí ohun tí wọn ò ní í lò?"

Mo gbé ọkọ́ mi, mo bá tèmi lọ.

Nígbà ọyẹ́ kẹta, lọ́jọ́ tí inú kò bí ẹnikẹ́ni, mo wà lóko lẹ́yìn ìrun Áílà, mò ń wa iṣu. Mo gbójú sókè, mo rí èéfín tó ń dìde láti ọ̀dọ̀ Làmídì. Mo ní ó ti ṣe é. Mi ò pe orúkọ rẹ̀, mi ò sáré lọ wò ó. Odindi ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ ọwọ́ mi pé bó bá ti rí èéfín, kó ṣáná. Ọwọ́ mi ṣáná sí ìtùfù kí ọkàn mi tó sọ̀rọ̀.

Èéfín irú ni, Yétúndé. Ìyá mi ti lọ bẹ Làmídì láì sọ fún mi, Làmídì sì ti gbà pé kí wọ́n ká èso igi náà, kí a pín in sí méjì. Ìyá mi ń sè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré Làmídì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fẹ́ gbé irú náà wá fún àwa méjèèjì bó bá ti ṣe é tán, kí ìjà lè parí. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Iná náà dún bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Àwọn àwòdì ti ń yípo lójú ọ̀run kí n tó gbọ́ igbe rárá. Nígbà tó yá, atẹ́gùn yí padà, ó dá iná náà padà sí mi. Iṣu Làmídì jó, iṣu mi jó, igi irúgbá tí a torí ẹ̀ ń jà jó lóòró. Làmídì ló wọ inú iná lọ gbé ìyá mi jáde. Apá rẹ̀ jó láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ìyá mi kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyàwó tuntun ni ìyá rẹ nígbà náà. Ó sá iṣu gbodo sórí àpáta lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Ó ní màjàlà ló kọ́kọ́ dé bá òun, dúdú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń bà lé orí gbodo funfun, kí ẹnikẹ́ni tó sáré ti oko wá. Oko wa jìnnà, o mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó ní ọ̀kan bà lé àtẹ́lẹwọ́ òun, ó sì ṣì gbóná.

Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wo apá Làmídì tó jó, wọ́n ní ẹni tó ṣáná nìyí. Làmídì ní òun kọ́. Wọ́n bi mí. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ Làmídì ni mo ti kọ́kọ́ rí èéfín." Òtítọ́ ni mo sọ, n kò sì tíì pa irọ́ tó burú tó o láyé mi. Làmídì wò mí. Kò bínú, kò sunkún, ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo kànga tí èèyàn já sí. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti kó lọ sí Komu, ìlú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Ọdún kejì la bí ọ. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ ní Yétúndé, èmi kọ́. Ẹ̀rù orúkọ náà ń bà mí. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mo gbé ọ lé èjìká lọ́sàn-án kan, o na ọwọ́ sí ọ̀nà oko yẹn, ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò gbé débẹ̀ rí, o ní, "Ẹ tú u. Ẹ tú u." Mo béèrè pé kí ni kí n tú. O wò mí, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irun mi ṣeré. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù láti tú nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ti jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí o kúnlẹ̀ níwájú mi lábẹ́ igi máńgòrò, tí o ní kí àwọn alágbára tú nǹkan wọn palẹ̀, ohùn kan náà ni mo gbọ́. Ìdí tí mo fi ti ọwọ́ bọ àpò nìyẹn.

Ó dára. Mo ti sọ ọ́. Wá gbọ́ ìmọ̀ràn bàbá rẹ, nítorí ẹni tí iná ti jó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ka ìwé rẹ̀ lọ.

Èkíní, bí o bá dé àárín àgbẹ̀, má fi bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bọ́ǹbù jìnnà sí wọn. Béèrè ẹni tó bá wọn pààlà, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ti ro ó lọ́dún yìí. Jẹ́ kí wọ́n sọ ti iná tí wọ́n ti rí fún ọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ tìrẹ kò ní í ṣòro mọ́.

Èkejì, wọ́n á sọ fún ọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn alágbára ti ní nǹkan náà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Má ṣe jà. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko. Ìbínú kọ́ ló mú mi ṣáná, ojú ló ṣì mí. Àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ǹbù wọ̀nyẹn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n. Ṣé títí ayé ni wọ́n á máa mọ èéfín irú yàtọ̀ sí èéfín ogun?

Má bú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ mú, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Nígbà tí mo so ìtùfù kẹta, ká ní ẹnìkan pè mí ní ìkà ni, ǹ bá so ẹ̀kẹrin láti fi hàn án. Ìyá mi kò bú mi, ìbéèrè kan péré ló bi mí, títí di òní ni mo ṣì ń wá èsì rẹ̀.

Ti ẹni tó ní kí ló kàn wá ńkọ́? Mo bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo sì mọ èsì. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun ń pọ̀n mí, wọ́n gbọ́ nínú rédíò pé àwọn òyìnbó kan ń dán bọ́ǹbù yìí wò nínú aṣálẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọyẹ́ ti ń wá bá wa. Ó ní nígbà ọyẹ́ yẹn àwọn obìnrin ń de gbogbo ìkòkò omi, wọ́n ń fi ìka nu eruku ara ewé, wọ́n ń wò ó, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Èmi náà kò mọ̀ títí di òní bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Màjàlà oko wa dúdú, ojú ń rí i. Oró inú eruku bọ́ǹbù tí o ń sọ yìí, o ní ojú kì í rí i, pé inú egungun ló ń wọ̀ lọ. Ọyẹ́ kì í béèrè ààlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Àjíkẹ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Èyí tó kù yìí, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Má fi irọ́ ti òtítọ́ lẹ́yìn, ì báà jẹ́ nítorí iṣẹ́ rere. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Gbólóhùn kan tó jóòótọ́, tí mo sọ lọ́nà tí kò yẹ, ló lé èèyàn kúrò nílùú. Má sì gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà Komu bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Jẹun kí o tó lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, nítorí bí ebi bá ń pa ọ́ o kì í ní sùúrù. Ìyá rẹ àgbà náà kì í ní in.

Ìwé kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o fi ìbínú lọ, ìyá rẹ ló bá mi mú un pamọ́. Mo ti tẹ̀ka sí i, òun ni mo ká mọ́ inú lẹ́tà yìí. Mi ò ní yíǹkì, dúdú ìdí ìkòkò ni mo fi òróró pò. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó ṣáná. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pé wàá padà wá, pé èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí mo kọ síhìn-ín ni n ó sì sọ lójú gbogbo wọn. Ojú á tì mí. Kó tì mí.

Ṣùgbọ́n Komu ni àkọ́kọ́. Kí o tó tẹ́ ìwé rẹ sílẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, béèrè ilé Làmídì àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ jó. Kúnlẹ̀ kí i. Ka lẹ́tà yìí fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, má fo ibì kankan. Má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn, ẹnu tèmi ló yẹ kó ti jáde. Bó bá lé ọ jáde, jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí kò bá lé ọ, bá mi bi í ní ìbéèrè kan. Láti ìgbà tí iná yẹn ti jó, ọdọọdún ni mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn láti ro ojú ààlà, èmi nìkan. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹni tó bá dá a ro, ṣùgbọ́n mo ń ro ó. Ọdọọdún náà ni mo máa ń débẹ̀ tí mo máa ń rí i pé wọ́n ti ro apá kejì, ó mọ́ fẹ̀ẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, wọ́n gbá koríko rẹ̀ kúrò dé àárín gan-an níbi tí a ti máa ń mu omi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Mi ò rí ipasẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, wọ́n ní àwọn kò rí ẹnìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ, wọ́n ti ro tọdún yìí náà, òórùn irú sì wà níbẹ̀.

Bi Làmídì bóyá òun ni. Bó bá ní òun ni, sọ fún un pé lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kó dúró dè mí, n ó gbé akèrègbè omi dání.

Bó bá ní òun kọ́, Yétúndé, má sọ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàbí.